Kókó Tí A Pè Ní Oyún

Mo ti búra pé n kò ní sọ ọ̀rọ̀ abo ẹṣin yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, orí mi á tún gbóná. Ọkọ mi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilé ó sinmi. Ó dáa, mo ń kọ ọ́. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí mi nínú ìwé, ẹ má bínú, bí mo ṣe rí nílé náà nìyẹn.

Dókítà ẹran ni mí, ní Àkúrẹ́. Ajá, adìyẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ló ń bọ́ mi. Ẹṣin kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwọ̀nba tó wà, ti àwọn olóyè ni, tàbí ti àwọn tó ń fi wọ́n ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó. Láyé ìgbà tí mò ń wí yìí, bí ẹṣin bá ṣàìsàn láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó, ọ̀gá mi ni wọ́n máa ń pè.

Abẹ́ ọ̀gá yìí ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì. Ó mọ iṣẹ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Màlúù tí ọmọ bá há sí nínú, bí bàbá yẹn bá ti ká apá aṣọ sókè, ìyá á yè, ọmọ á yè. Ṣùgbọ́n alágídí ni. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ síkáànù rárá, ó ní ìka òun ni síkáànù òun. Bí mo bá sì ti lanu láti dá àbá, á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo gbọ́ òwe yẹn títí ó fi ń rùn sí mi. Ní ọdún méjì tó kẹ́yìn tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún wá sọ mí di ìwọ̀fà. Èmi ni kí n fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Èmi ni kí n ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ìgò oògùn kékeré, èmi ni kí n ṣí i. Nígbà tó yá, bọ́tìnnì ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, èmi ni kí n bá a de. Mo máa ń délé bú u fún ọkọ mi, mo ní ìgbéraga ti ń pa bàbá yìí.

Báyìí ni olóyè kan ṣe ránṣẹ́ pè wá ní Oǹdó. Oníkòkó ni olóyè náà nígbà kan rí, ó ti dàgbà, ó ní àgbàlá ńlá lẹ́yìn ilé tó fi ń sin ẹṣin mẹ́rin. Ó ti mú abo kan nínú wọn lọ bá akọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, abo náà kò sì wá akọ mọ́ láti ìgbà náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lóyún. Abo tó mọ́ra ni, pupa rúsúrúsú, iwájú orí rẹ̀ funfun. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ará Òkè Ọya kan tó ti lo bí ọgbọ̀n ọdún ní Oǹdó, èdè Oǹdó rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Ìyá ẹṣin náà kú lórí ìkúnlẹ̀, bàbá ẹlẹ́ṣin yìí ló fi wàrà màlúù inú ìgò ọmọdé tọ́ ọ dàgbà. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹṣin náà á gbé àgbọ̀n lé e léjìká.

Ọ̀gá mi wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé èjìká, ó ti ọwọ́ bọ ihò ìdí ẹṣin náà, nítorí láti ibẹ̀ ni a ti ń fọwọ́ kan ilé ọmọ. Ó pẹ́ gan-an nínú rẹ̀, mo rántí pé mo wo aago. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ yọ, ó ní kí n ti tèmi bọ̀ ọ́.

Mo tì í bọ̀ ọ́. Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, òfìfo ni. Mo na ìka sí apá òsì, níbi tí ẹyin ti ń jáde, mo kan nǹkan kan tó le, tó rí róbótó, tó tó ọsàn ńlá. Mo na ìka sí ọ̀tún, èkejì rẹ̀ ti súnkì, kò ju ẹ̀pà lọ. Kì í ṣe nǹkan tí dókítà máa bá lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa dáadáa nílé ìwé pé bí ọ̀kan bá wú tó le, tí èkejì sì súnkì, kókó ló hù níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ṣì wà nínú ẹṣin nígbà tí ọ̀gá mi tẹ̀ sún mọ́ mi.

“Oyún ni, àbí oyún kọ́?”

Mo gbójú sókè. Olóyè dúró níbẹ̀ tòun ti ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá ẹlẹ́ṣin di orí ẹṣin mú. Èmi ọmọ àná, kí n wá já ọ̀gá mi ní irọ́ lójú oníbàárà? Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ilé wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ni àgbà tilẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ níwájú èèyàn, tí ìdáhùn kì í jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọ̀gá mi yí sí olóyè, ó ní oyún oṣù mẹ́ta ni. Kí a tó fọ ọwọ́ tán, ìyàwó olóyè ti gbé ọtí dídùn jáde. Olóyè pe àna rẹ̀ kan ní Ìsìkàn lórí fóònù níṣojú wa, ó sì fi ọmọ tí wọn kò tíì bí ta á lọ́rẹ. Àwọn tó wà nínú àgbàlá pàtẹ́wọ́. Mo bá wọn mu ọtí náà. Mo mu ún tán.

Lójú ọ̀nà, mo rò ó pé n óò sọ fún un nínú mọ́tò. N kò sọ ọ́. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́la, ẹnìkan gbé ajá tí mọ́tò gbá wá. Lẹ́yìn oṣù kan, mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣí ilé ìwòsàn ẹran tèmi lọ́nà Ọ̀bà-Ilé, mo ra síkáànù kékeré tí a lè gbé rìn. Mo sọ fún ara mi pé oníbàárà ọ̀gá mi ni, kò kàn mí mọ́, òun náà á tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, á rí i fúnra rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹṣin ló bá mi dákẹ́.

Ó lé díẹ̀ lóṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí bàbá ẹlẹ́ṣin tó pè mí. Ó ní ẹṣin kò bímọ, àti pé bó bá di ọjọ́ Sátidé, wọ́n máa tà á fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ẹṣin lọ pa jẹ. Ó ní ọ̀gá mi kàn ń sọ lórí fóònù pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ẹlòmíì máa ń pẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá wò ó, kí olóyè má mọ̀ pé òun ló pè mí.

Mo dé Oǹdó lọ́jọ́rú. Ẹ gbà mí o. Okùn mẹ́rin ni wọ́n fi so ẹṣin náà mọ́lẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti ki pọ́pọ́ bíi ti akọ. Ó ń yán, ó fẹ́ gé mi jẹ, ó tàpá sí garawa, garawa náà fò dé ara ògiri. Ẹgba ti dá egbò sí i ní ìdí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá ẹlẹ́ṣin ròyìn fún mi. Ní oṣù kẹta tí a lọ ni abo náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn abo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Inú olóyè kọ́kọ́ dùn, ó ní akọ ló wà nínú oyún náà, ìyẹn ló ń mú ìyá ṣe bí akọ. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gé ọwọ́ ọmọ olóyè jẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Nígbà tí oṣù ìbímọ kọjá, wọ́n ní ayé ti so oyún náà mọ́ ọn nínú, wòlíì kan gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n sì tún nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde. Nígbà tí àna ní Ìsìkàn wá ń béèrè ẹ̀bùn rẹ̀, ojú ti olóyè. Kàkà kó sọ pé oyún kò sí, ó ní òun máa sọ pé ìyá àti ọmọ kú. Ìdí tí ẹṣin náà fi gbọ́dọ̀ lọ nìyẹn. Ẹṣin odindi, alààyè, kí wọ́n pa á nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ti sọ níwájú èèyàn tí kò lè kó jẹ.

Tìbínútìbínú ni mo fi gbé síkáànù kalẹ̀. A fún ẹṣin náà lábẹ́rẹ́ tó ń mú ara rọlẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ náà ni. Ó ti tó àgbọn báyìí, inú rẹ̀ rí ihòihò bí afárá oyin lójú ẹ̀rọ. Kókó yẹn ló ń da nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń mú un ṣe bí akọ. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀, kò sí ayé kankan. Mo lọ bá olóyè ní pálọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé àìsàn ni, pé bí a bá yọ ọ́, ẹṣin rẹ̀ á padà sípò. Ó ní ṣé èmi fẹ́ sọ pé ọ̀gá mi kò mọ iṣẹ́ ni. Mo ní kó fún mi títí di àárọ̀ Sátidé, kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó dé. Bí mo bá yọ ọ́ tí kò sí kókó níbẹ̀, kí ó ta ẹṣin, kí ó sì lọ máa bà mí lórúkọ jẹ́ káàkiri. Ó gbà, pẹ̀lú ìwòkuwò.

Mo mọ̀ pé n kò lè gbé abẹ lé ẹran ọ̀gá mi láìsọ fún un. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Oda. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ láti Àkúrẹ́, mo ti múra ìjà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Mo ní ẹṣin yẹn kò lóyún, kókó ni. Kò pa òwe. Ó ní ó dáa, òun máa bá mi lọ. Ìyẹn ló wá dá kún ìbínú mi, nítorí mo fẹ́ kó bá mi jà.

Ní àárọ̀ Sátidé, a ti fi ebi pa ẹṣin náà láti àná kí ikùn rẹ̀ lè fúyẹ́. Wẹ́dà kan ní Oǹdó ti fi páìpù ṣe férémù kan tí ẹṣin lè dúró sí, nítorí orí ìdúró ni a ti máa ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. A fún un lábẹ́rẹ́, orí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ sí àyà bàbá ẹlẹ́ṣin. Mo fá ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara. Mo là á. Olóyè dúró lókèèrè, àwọn ará ilé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo bá kókó náà, mo rọra fà á wá sí ẹnu egbò. Iṣan tó so ó rọ̀ nípọn, ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Mo ti òwú yí i ká, mo ta á ní kókó, mo ní kí ọ̀gá mi di ẹ̀gbẹ́ kan òwú náà mú le, kí n fa ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó dì í mú. Mo gé iṣan náà. Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó bà mí lójú. Ẹṣin náà mì láti orí dé ìrù. Mo ti ọwọ́ bọ inú, mo fi ìka méjì fún iṣan náà pa, ẹ̀jẹ̀ ń gbóná lọ sí ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọ̀gá mi ń wá òwú náà lórí aṣọ iṣẹ́ abẹ, ó wà lábẹ́ ìka rẹ̀ gan-an, kò mú un. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá mi, níwájú gbogbo wọn. Ó kúrò. Bàbá ẹlẹ́ṣin pe olóyè, ó fi orí ẹṣin lé e lọ́wọ́, ó wá bá mi fa òwú. Mo so ó lẹ́ẹ̀mejì, mo so ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo wá rán egbò náà ní ìpele ìpele.

Nígbà tí a gbé kókó náà sínú abọ́, mo là á sí méjì kí wọ́n lè rí ihò inú rẹ̀. Olóyè wò ó títí. Ó ní báwo lẹ ṣe wá sọ fún òun pé oyún ni. Ọ̀gá mi ń wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lójú mi, orí mi ń hó.

“Ọ̀gá mi ló pè é ní oyún. Èmi ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé oyún kọ́.”

Mo ti ń retí ọjọ́ tí n óò sọ ọ́, ó sì dùn lẹ́nu mi. Bàbá ẹlẹ́ṣin ló gbójú sókè. Ó ti padà sọ́dọ̀ ẹṣin rẹ̀, ó ń fi omi tútù nu ojú egbò ẹgba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ ti mọ̀, Dókítà? Láti ọjọ́ yẹn?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi jọ. Ó tún padà sídìí nínù tó ń nù. Olóyè ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn padà bí wọ́n bá dé.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé ọ̀gá mi padà, òun kì í wa mọ́tò mọ́. A wá dé Ọ̀wẹ̀nà. Níbẹ̀ ló ti ní kí n dúró, ebi ń pa òun. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Ọ̀gá mi na ọwọ́, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí ẹyín iná gan-an, ó dì í mú, ó ń bá obìnrin náà nájà. Obìnrin náà ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá. Èmi sọ̀kalẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jó mi, mo jù ú sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń lé ròrò. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì.

Nígbà tí a wọ mọ́tò padà, ó sọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ni. Ẹsẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà ni ìka. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, kò mọ̀ bí òun bá mú wọn tàbí òun kò mú wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ta ló máa fa ẹran lé dókítà tí ìka rẹ̀ ti kú lọ́wọ́. Ó ní òun rò pé bí ọwọ́ mi bá ti wà níbẹ̀, kò séwu.

“N kò mọ nǹkan kan nínú ẹṣin yẹn. Ìdí tí mo fi ní kí o ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo bi ọ́ pé oyún ni àbí oyún kọ́. Ohun tí o sọ ni mo sọ fún wọn.”

Ẹṣin náà yè. Ọrùn rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Nígbà tó yá, bàbá ẹlẹ́ṣin ránṣẹ́ sí mi pé ó ti tún ń wá akọ. Ó ń kí mi dáadáa bí mo bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá mi ṣàwàdà mọ́, àwọn àpá ẹgba náà sì wà lára ẹṣin, irun funfun ló hù sójú wọn.

Inú ń bí mi sí olóyè títí dòní. Inú ń bí mi sí ọ̀gá mi, tó fi òwe àkísà bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ kí n máa bú u nílé mi. Bí mo bá ti bú gbogbo wọn tán, ọkọ mi á ní ó tó, kí n jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi béèrè. Ọwọ́ mi wà nínú ẹṣin, kókó náà wà lábẹ́ ìka mi, ó bi mí léèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.